Ìpara Itan Tí Mo Rà ní Bódìjà
Ìpara tí wọ́n tà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà, pé yóò pa kòtò-kòtò itan mi rẹ́, ti tán dé ìdí ike, ṣùgbọ́n kòtò náà ṣì wà níbẹ̀. Òórùn ọsàn rẹ̀ dára, ó sì ń mú awọ jọ̀lọ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ohun tí ìyá tó tà á kò sọ ni pé bí a ti ń dàgbà ni awọ ń fẹ́lẹ́, tí kólájìn, èròjà inú rẹ̀ tó ń mú un le dáadáa, ń dínkù, tí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ sì ń yọ sókè láàárín àwọn okùn tín-ín-rín tó ń fa awọ sílẹ̀. Sìgá mímu àti ìjókòó àtàárọ̀-dalẹ́, irú èyí tí mò ń jókòó ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, a máa dá kún un; kódà, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá ń ní in. Gẹ́gẹ́ bí ìpara lásán, ẹ lè rà á.