Áàpù tó ní ọmọ Faransé ni máńgòrò mi

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ fara dà á fún mi. Áàpù tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń polówó kiri lórí WhatsApp, pé téèyàn bá ti fi fóònù ka ìlà dúdú-dúdú ara ọjà, á sọ ìlú tó ti wá. Mo tilẹ̀ san 1,000 fàráǹkì lé e.

Àbúrò mi lóyún oṣù márùn-ún. Nínú oṣù Kìíní, tí ọyẹ́ ń bẹ́ wa létè ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), máńgòrò ló ń wù ú jẹ. Mo dé ọjà Ouando, ìyá kan tó ń ta ọsàn fi mí rẹ́rìn-ín: "Ẹ lọ bá igi sọ ọ́." Bí mo ṣe gba ilé ìtajà ńlá kan lọ nìyẹn. 2,500 fàráǹkì, ẹyọ kan! Nínú oṣù Kẹrin, tó bá pọ̀ tán, ta ni yóò ná tó bẹ́ẹ̀ lórí máńgòrò kan?

Àbúrò mi ti kìlọ̀ pé kí n bèèrè ibi tó ti wá. Mo bi ọmọbìnrin orí kéèsì. Kò gbójú kúrò nínú fóònù rẹ̀.

"Faransé ni, Tàǹtí."

"Nínú òtútù tó ń mú wọn lọ́hùn-ún yìí, máńgòrò ń so?"

"Tàǹtí, gbogbo nǹkan ló ń so níbẹ̀."

Ẹni tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Mo yọ fóònù, mo fi áàpù ka ìlà ara ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Kí ló gbé wá? Faransé! Ọmọ náà wá wò mí bí ẹni tó jàre ní kóòtù.

Ọkùnrin tó ń to páálí ló pè mí sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá wọn lóhùn." Ará Kétu ni, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìlà yẹn ò mọ oko. Ilé-iṣẹ́ tó gba nọ́ńbà fún ọjà náà ló ń tọ́ka sí, ibi tó ti gbà á ni. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ti Faransé bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 379. Mo fi 4959 tó wà lórí bébà pélébé ara èso hàn án. Ó ní máńgòrò pupa ńlá ni ìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wọ yàrá òtútù, ó gbé páálí kílò 4 jáde, ó fi apá ẹ̀wù nu omi ara rẹ̀. Mo kà á: Kent, irú máńgòrò kan nìyẹn. 8, ìyẹn ni pé mẹ́jọ ló kún un. Piura, Perú. Lábẹ́ rẹ̀, GGN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ àgbẹ̀, ẹlẹ́yọ 13 tó fi 40 bẹ̀rẹ̀. Mo tún ṣàṣejù, mo tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù mi. Ó ní Jámánì! Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí páálí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìlú Cologne ní Jámánì ni GLOBALG.A.P., àjọ ètò àyẹ̀wò oko tó ń fún àwọn àgbẹ̀ ní nọ́ńbà náà, wà. Mo wá tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ GGN wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ó gbé e wá: máńgòrò, Pérù. Lọ́hùn-ún, máńgòrò ń pọ́n lásìkò tí tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná.

Kò sọ ohun tí wọ́n fín sí i o, mi ò lè purọ́. Ó kàn sọ ẹni tí wọ́n yẹ oko rẹ̀ wò.

Mo ra méjì. (Ẹ má sọ fún ọkọ mi.) Mo fẹ́ fún bàbá Kétu yẹn ní nǹkan, ó kọ̀, ó ní kí n fi kí àbúrò mi. Orí kéèsì ńkọ́? Ọmọ náà ṣì ń tẹ fóònù, ó tún fi 50 fàráǹkì lé sẹ́ńjì mi. Mo dá a padà fún un, kò dúpẹ́.

Àbúrò mi jẹ ọ̀kan tán lórí ìdúró. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kò ní òwú tó máa ń há sí eyín, pé ẹnu òun ò gbà pé máńgòrò ni.

Ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún ni mo fún áàpù náà.