Ilé Arọ Kan ní Ìjẹ̀bú Igbó àti Ìbọn Méjì Tí Mo Gbé Lọ Síbẹ̀ fún Fífọ̀

Ilé arọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní pátákó, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ orúkọ kankan sára ògiri rẹ̀. Ìjẹ̀bú Igbó ni ó wà, lẹ́yìn ibi tí àwọn onípákó ń to igi jọ sí, ẹni tí ó bá sì ń gba ibẹ̀ lọ sóko ní òwúrọ̀ yóò ti gbọ́ ìró owú kí ó tó fojú kan ẹwìrì. Láàárín ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti gbé ìbọn lọ bá bàbá tí ó ni ín. Ọ̀kan ni ṣakabùlà tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi, èkejì sì ni ìbọn ẹlẹ́nu kan oníkatiríìjì, èyí tí ń lo ọta tí a ti di pọ̀ mọ́ ẹ̀tù nínú agolo kékeré, tí mo ń gbé lọ sóko nítorí àwọn òyà tí kò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ mi gbó. Ṣakabùlà ni mo kọ́kọ́ gbé lọ.

Kí bàbá náà tó sọ iye tí yóò gbà, ó lé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó kọ ẹnu ìbọn sí ògiri amọ̀, ó sì mú ọ̀pá tín-ínrín kan, ó fi wọn ara ìbọn láti ìta, láti ẹnu rẹ̀ títí dé ibi tí ọmú irin tí a ń gbé kaápù, ìdérí kékeré tí ń tan iná sí ẹ̀tù, lé wà. Ó fi ẹfun fa ìlà sí ibi tí ọ̀pá náà bá ẹnu ìbọn mu, lẹ́yìn náà ni ó wá tì í bọ inú rẹ̀. Ìlà ẹfun kò wọlé. Ó dúró sókè ẹnu ìbọn ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta.

"Ẹ̀tù ń bẹ nínú rẹ̀, ọmọ mi. Ìgbà wo lo yìn ín gbẹ̀yìn?"

"Ojúde Ọba ni, Bàbá."

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Lọ́jọ́ yẹn ní Ìjẹ̀bú Òde, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé ìyá mi ń kọjá níwájú Awùjalẹ̀ tí ìbọn ń dún lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan nínú yíyìn tèmi kò dún, ariwo tẹlòmíràn ni mo sì gbà pé tèmi ni. Mo ti gbé ẹ̀tù tí kò tíì jó wọnú ilé, mo gbé e kọ́ sára ògiri yàrá, mo sì ti fi àkísà nu ìta rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú. Bàbá kò bú mi. Ó rọ omi sínú ìbọn náà, ó fi í sílẹ̀ kí ẹ̀tù náà lè rin gbingbin, ó sì fi irin kan tí ẹnu rẹ̀ lọ́ wa á jáde pátá. Ó ní kò sí fífọ̀ tí a lè bẹ̀rẹ̀ kí a tó mọ̀ dájú pé ìbọn ṣófo. Bí kò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà, ǹ bá ṣì san owó fún un.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dùn mọ́ mi jù ni fífọ̀ gan-an. Tẹ́lẹ̀ rí, ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n ta ọ́ìlì ọkọ̀ sí àkísà, kí n fi nu inú ṣakabùlà nígbà tí mo bá rántí, kí ó sì máa yà mí lẹ́nu pé ìbọn tí mo ń fi ọ́ìlì pa ṣì ń dípẹtà. Ẹ̀tù dúdú jẹ́ àpòpọ̀ iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní potassium nitrate, èédú àti imí ọjọ́. Ní ìwọ̀n tí a mọ̀ ọ́n sí, bí a bá pín in sí 100, iyọ̀ náà ń kó 75, èédú ń kó 15, imí ọjọ́ sì ń kó 10. Nígbà tí ó bá jó, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ń di èérí líle, tí apá kan ń bá èéfín jáde, tí ìyókù sì ń lẹ̀ mọ́ ihò ìbọn. Èérí yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe máa ń rin nígbà òjò, epo kò sì lè tú u. Omi ni ó ń tú u. Ọ́ìlì tí mo ń fi sí i, orí ìdọ̀tí ni mo ń fi sí, abẹ́ rẹ̀ ni irin sì ti ń jẹrà.

Omi híhó tí a ti po ọṣẹ sí ni bàbá lò. Ó tú ọmú irin náà kúrò, ó dà omi sí ẹnu ìbọn, omi náà sì ń jáde níbi ihò kékeré ìdí rẹ̀ bí òwú, ó dúdú bí omi aró, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹyin tí ó bàjẹ́. Ó rọ ọ́ títí omi fi ń jáde bí ó ṣe wọlé. Irin náà ti gbóná débi pé àkísà ni a fi ń dì í mú, gbígbóná yẹn ni ó sì jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ kíákíá. Lẹ́yìn èyí ni ó ń ti aṣọ funfun bọ̀ ọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tí aṣọ fi jáde láìní àbàwọ́n. Ó ní ọjọ́ tí a bá yìn ín náà ni kí a fọ̀ ọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì má ṣe mọ́ bá a, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó dún, ìbáà jẹ́ ẹ̀tù lásán tí kò ní ọta.

Ní ti ìbọn oníkatiríìjì, èsì rẹ̀ yàtọ̀, mo sì mọrírì pé kò fi ọ̀rọ̀ kan náà gba owó méjì lọ́wọ́ mi. Ẹ̀tù inú katiríìjì òde òní kì í ṣe dúdú, èérí rẹ̀ kéré, kò sì bá irin jà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n ti búrọ́ọ̀ṣì idẹ bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu lẹ́yìn tí mo bá ti yìn ín, nítorí rọ́bà inú katiríìjì máa ń ha ara rẹ̀ mọ́ ihò, kí n sì fi aṣọ nu ún. Bí òjò bá pa á, kí n gbẹ ẹ́ kí n tó jẹun. Nígbà òjò, kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù bí mi ò tilẹ̀ yìn ín, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú gbogbo inú rẹ̀ palẹ̀, ó kọ̀. Ó ní títú láìnídìí ni ó ń ba ojú ìdè jẹ́, pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó.

Epo díẹ̀ báyìí ni ó ń lò, epo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń ta ẹ̀kán kan sórí àtàǹpàkò, ó fi ń pa ibi tí irin ti ń ha irin, ìyókù aṣọ ló fi ń nu ara ìbọn. Epo tí ó bá pọ̀ máa ń ṣàn lọ sínú igi ìdí ìbọn, á sì sọ ọ́ di rírọ̀; ó lè wọ inú katiríìjì kí ó má dún; bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ni ó ṣe ní kí n dojú ẹnu ìbọn délẹ̀ mọ́jú ní alẹ́ tí mo bá fi epo sí i. Mo fi WD-40 mi, epo fífọ́n inú agolo, hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára fún lílé omi kúrò, èyí tí WD inú orúkọ rẹ̀ gan-an (Water Displacement, lílé omi) ń sọ láti ọdún 1953, ṣùgbọ́n kí n nu ún kúrò kí n sì fi epo gidi sí i.

Àléébù ibẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Nígbà kẹta, bàbá kò sí nílé, ọmọ iṣẹ́ kan sì fi sáńpépà dán ìta ṣakabùlà mi títí tí àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́ fi bó tán. Ó ń dán bí ṣíbí, ó sì ti dípẹtà kí oṣù tó parí. Bàbá fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà kò padà. Wọn kì í kọ ìwé pé wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀ nínú èyí tí à ń gba ìwé àṣẹ lé lórí. Láti ìgbà náà, mo máa ń jókòó tì í títí yóò fi parí.

₦5,000 ni mo san fún ṣakabùlà, ₦7,000 fún èkejì. Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ dání, kí ó sì yẹra fún ọjọ́ Sátidé, nítorí àdá àwọn àgbẹ̀ ni ó máa ń kún ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá kì í sì í gbé omi kaná fún ìbọn kankan kí ó tó pọ́n wọn tán.