Ẹ ṣọ́ra fún ejẹ́ńtì "ìrìnàjò fọ́tò sí Íjíbítì" tó wà n'Iléṣà

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ mi ní Iléṣà, Ifẹ̀, Òṣogbo àti gbogbo agbègbè wa, ọkùnrin kan ń polówó pé òun fẹ́ kó àwọn ayàwòrán lọ sí àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ní Íjíbítì: Luxor, Karnak, Abu Simbel. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Kọ́bọ̀ kan! Ó ti jẹ owó mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síta kí ẹ rí i dáadáa: ₦2,825,000. Mo sì ti gbọ́ báyìí pé ó ti ń gba owó ìrìnàjò ti oṣù Kejì, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́yà ní kí n má tíì dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìwé ìpolówó rẹ̀ yóò dá a mọ̀: àwòrán Fáráò mẹ́rin tó jókòó síwájú òkè, àkọlé pupa lókè rẹ̀ pé "Ẹ WÁ WO OÒRÙN FÁRÁÒ".

Ẹni tí kì í ṣe ayàwòrán lè máa bi mí pé kí ló gbé mi dé Íjíbítì. Ní Abu Simbel, ní ìsàlẹ̀ gúúsù ilẹ̀ náà, tẹ́ńpìlì kan wà tí Fáráò Ramesses Kejì ní kí wọ́n gbẹ́ sínú òkè. Lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún, ní 22 oṣù Kejì àti 22 oṣù Kẹwàá, oòrùn òwúrọ̀ máa ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, yóò rìn dé yàrá ìkẹyìn, nǹkan bí ọgọ́ta mítà nínú òkè, yóò sì tàn sójú ère mẹ́ta nínú mẹ́rin tó jókòó síbẹ̀. Ìkẹrin, ère òrìṣà wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ptah, inú òkùnkùn ni yóò wà. Láàárín 1964 sí 1968, wọ́n gé odidi tẹ́ńpìlì náà sí ègé-ègé, wọ́n gbé e lọ sí orí ilẹ̀ gíga kí omi tí wọ́n sé ní Aswan má baà bò ó, síbẹ̀ oòrùn ṣì ń wọlé bá àwọn ère náà. Ó ti pẹ́ tí fọ́tò yìí ti ń wù mí yà. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá fẹ́ ya ohun tó wù mí, omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ni mo máa ń lọ bá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fẹ́ ya nǹkan mìíràn ni?

Ọkùnrin náà kò sá pamọ́ o. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló gbé omi tútù wá fún mi. Ìwé CAC wà lára ògiri, àwòrán òun àti bíṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ. Ó gbàdúrà kí n tó fi owó ránṣẹ́! Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run tó mú Jósẹ́fù dé Íjíbítì tó fi dẹni ńlá, òun ni yóò mú yín débẹ̀." Mo ṣe àmín. Títà ni wọ́n ta Jósẹ́fù dé Íjíbítì, mi ò rántí. Àmín tí mo fi ẹnu ara mi ṣe yẹn ń dùn mí ju owó lọ nígbà mìíràn.

₦2,400,000 ló pe gbogbo rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, físà, òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ojú omi lórí odò Náílì láti Luxor dé Aswan, mọ́tò láti Aswan dé Abu Simbel. Mo ta lẹ́ńsì 70-200 mi, èyí tí mo fi ń jẹun. Mo kó àjọ. Ìyókù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Àtakúmọ̀sà ló yá mi, kò tíì gbà á padà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ojúkòkòrò ló kó bá mi. Kò sọ pé owó mi yóò di ìlọ́po méjì. Kò sọ pé òun á bá mi ríṣẹ́ lókè òkun. Ọjà ni mo rà!

Mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo yẹ̀ ẹ́ wò! Ó fi ìwé kan ránṣẹ́ tí àmì mẹ́fà wà lára rẹ̀, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, èyí tí wọ́n ń pè ní PNR. Mo gbé e lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, orúkọ mi jáde gbangba: Èkó sí Káírò, Káírò sí Luxor, ọjọ́ pé, wákàtí pé. Ta ni kò ní gbà? Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ọmọkùnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì n'Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lọ́yẹ̀. Ejẹ́ńtì lè fi orúkọ rẹ gba ààyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n á fún un ní gbèdéke. Bí kò bá sanwó kí gbèdéke tó pé, kọ̀ǹpútà wọn á pa orúkọ rẹ rẹ́ fúnra rẹ̀, wọn ò sì ní pè ọ́ sọ fún ọ. PNR kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì! Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti san owó rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, díjíìtì 13, mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mọ̀. Ti EgyptAir, 077 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó fún mi kò ní ohunkóhun tó jọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mi ò wọ ọkọ̀ òfurufú rí láyé mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó kéékèèké bẹ̀rẹ̀. ₦180,000 "owó àṣẹ kámẹ́rà". Ẹ gbọ́ o, láti 2022 ni ìjọba Íjíbítì ti kéde pé ẹni tó bá ń ya fọ́tò tara rẹ̀ ní ìta gbangba kò nílò ìwé àṣẹ, kò sì ní sanwó. Àwọn tó ń ya fíìmù àti ìpolówó, tí wọ́n ń gbé iná ńlá kiri, ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. ₦150,000 "àṣẹ drone". Drone ní Íjíbítì! Bí o bá gbé e wọ̀lú láìní àṣẹ ìjọba, pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Èmi gan-an ò tiẹ̀ ní drone. Ó ní ẹgbẹ́ ni gbogbo wa, ká jọ dá a. Mo dá a! ₦95,000 tún wà fún "ààyè iwájú", kí n lè dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ oòrùn. Ó ní bí mi ò bá san án, ẹ̀yìn àwọn òyìnbó ni n ó wà, orí ènìyàn ni n ó máa yà. Ó mọ ibi tó ń dun ayàwòrán, òṣìkà!

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí n sùn. Nínú ètò tó tẹ̀ fún wa, ó kọ ọ́ pé: "4:30 ìrọ̀lẹ́, oòrùn wọ inú tẹ́ńpìlì." Ìrọ̀lẹ́! Ìlà-oòrùn ni tẹ́ńpìlì yẹn kọjú sí. Bí oòrùn bá ṣe ń yọ ló ń wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ mi, mo sì rí i. Mo pè é. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní tẹ́ńpìlì méjì ló wà ní Abu Simbel, pé kí n má da tòwúrọ̀ pọ̀ mọ́ tìrọ̀lẹ́. Tẹ́ńpìlì méjì ló sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, èkejì ni wọ́n kọ́ nítorí Nefertari ìyàwó ọba. Òótọ́ díẹ̀ ló fi bo irọ́ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi gààrí funfun bo èyí tó ti bu lójú ìgbá. Mo dákẹ́. Òmùgọ̀ ni mí. Àbí n kì í ṣe òmùgọ̀. Ta ló máa ń bá ẹni tó ti gba owó rẹ̀ jiyàn?

Lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ lọ, ó ti ẹgbẹ́ WhatsApp wa pa, ó ku òun nìkan tó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. "Físà ti jáde, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi kan á pàdé yín n'Ìkẹjà." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí a gbọ́ nìyẹn. Mo tẹ PNR yẹn síbẹ̀ padà, wọ́n ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì. Àgádágodo. Mo yí lọ sẹ́yìn ilé: ihò ló kù níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, wọ́n ti tú u lọ! Bàbá tó bí bàbá mi, òṣómàáló ni, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí dé ilẹ̀ Kàbà, wọ́n sì san owó aṣọ rẹ̀ fún un. Èmi náà lọ lóṣòó. Ta ni mo lóṣòó tì? Àgádágodo!

Pásípọ́ọ̀tù mi ńkọ́? Dírẹ́bà kan ló gbé e dé gáréèjì nínú nálọ́ọ̀nù dúdú. Ó ní ₦3,000 ni ẹni tó rán òun ní kí n san kí òun tó gbé e sílẹ̀. Mo san án.

Wọ́n ti kéde mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sá kúrò ní Íjíbítì, èmi ń sanwó lọ síbẹ̀, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ti fa ìgbéyàwó ńlá kan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nítorí ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ 22 oṣù Kẹwàá, ìsìnkú ni mo ń yà n'Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, pẹ̀lú lẹ́ńsì àyálò. Àwọn ọmọ àdúgbò ti wá ń pè mí ní Fáráò.

Ẹni tó mú mi wọ ẹgbẹ́ WhatsApp náà, ó mọ ara rẹ̀. Ó ní òun náà sanwó. Mo ní kó fi alẹ́ẹ̀tì hàn mí, ó ní fóònù òun bàjẹ́. Fóònù tó fi ń dá mi lóhùn! Ó ṣeé ṣe kí n máa ṣì í fura sí, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n n ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ títí n ó fi rí alẹ́ẹ̀tì yẹn. Ejẹ́ńtì gbogbo, olè kan náà ni wọ́n lójú mi báyìí. Àti ẹni tó ra lẹ́ńsì mi: ó rí i pé mo ń kánjú, ó gé owó rẹ̀ já. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kò lójú àánú!

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tó lè ṣe yín láǹfààní. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ejẹ́ńtì ló rà á, ẹ gba nọ́ńbà díjíìtì 13 yẹn, kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ láti bi wọ́n bóyá wọ́n ti san owó rẹ̀. Àkáǹtì orúkọ ènìyàn ni mo sanwó sí, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ẹ má ṣe é. Ìwé CAC lára ògiri kò ní kí ẹnikẹ́ni má jalè. Bí wọ́n bá ti jẹ owó yín, ẹ sáré dé báǹkì lọ́jọ́ náà gan-an kí owó tó jáde lọ́hùn-ún, kí ẹ sì kọ̀wé sí EFCC. Èmi fi ọjọ́ ṣòfò níbi ìtìjú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san ti 22 oṣù Kejì, ẹ pè é lónìí. Ẹ ní kó ka nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín sétí yín, kì í ṣe PNR. Bó bá ní kí ẹ ní sùúrù, ẹ bi í pé ọ́fíìsì rẹ̀ tuntun wà níbo, kí ẹ kọ̀wé sí mi níbí. N ó bá yín lọ.