Ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village tó ṣí láptọ́ọ̀pù ìyàwó mi láì fọ́máàtì ẹ̀

Tó bá jẹ́ ti ìjókòó ni, sítáà méjì péré ni mo máa fún wọn, torí àga kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, ẹsẹ̀ àga ọ̀hún kan sì ń mì. Àmọ́ tó bá di ti iṣẹ́ ọwọ́, márùn-ún gbáko ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

HP tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló fi ránṣẹ́ láti London ní 2023, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀. Tíṣà ni ìyàwó mi, gbogbo ìbéèrè ìdánwò táàmù yìí àti máàkì àwọn ọmọ, inú ẹ̀ ló kó gbogbo ẹ̀ sí, kò sì ní ẹ̀dà kankan níbòmíì (ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nílé wa rí, ẹ jẹ́ n yáa dákẹ́). Àárọ̀ Mọ́ńdè kan báyìí, ó tàn án, ó jọ pé Windows ti ṣe update lóru, ló bá kọ ọ́ sójú sìkírínì pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, PIN rẹ̀ ò ṣeé lò mọ́, kó lọ ṣe òmíì. Bó ṣe tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀, wọ́n láwọn fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ àtijọ́, láìnì yẹn sì ti sọnù látọdún tó kọjá. Ó kù ká lo pásíwọ́ọ̀dù. Ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kì í ṣe òun. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òun. Obìnrin yìí ń búra pé òun mọ pásíwọ́ọ̀dù yẹn bí òun ṣe mọ orúkọ bàbá òun, ó tiẹ̀ fi fóònù wọ Outlook ẹ̀ lójú mi (ímeèlì tó ń lo àkáǹtì Microsoft kan náà tó fi ń wọ láptọ́ọ̀pù), pásíwọ́ọ̀dù yẹn náà ló tẹ̀, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ibi tá a kọ́kọ́ gbé e lọ ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán tó fi ní fọ́máàtì ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. A ní háà, fáìlì wà ńbẹ̀ o. Ó ní kò burú, òun á fi flash gba ẹ̀yìn wọlé, òun á bá wa kó wọn jáde. Ó wọ BIOS (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn), ó pa Secure Boot (ètò tí kì í jẹ́ kí ohun àjèjì tan kọ̀ǹpútà), ó ki flash bọ̀ ọ́, kò rí nǹkan kan kó, nígbà tó yọ flash ẹ̀ tó tún un tàn, sìkírínì búlúù kan ló yọ sí wa, wọ́n ní ká mú kóòdù onínọ́ńbà 48 wá. Méjìdínláàádọ́ta! Ọ̀gá wò mí, èmi náà wo ọ̀gá. Ló bá ní hard disk ti kú.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló wá júwe Ìkẹjà fún wa. Ẹ̀yin náà kúkú mọ Computer Village, ẹ ò tíì sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tán tí wọ́n á ti máa fa aṣọ yín, “daddy, screen ni àbí charger, ẹ wá ẹ wá”. Ẹ má dá ẹnì kankan lóhùn. Ojú Ọ̀tìgbà ni wọ́n wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọn ò ní bọ́ọ̀dù, bébà A4 tí wọ́n kọ “laptop repairs” sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹnjiníà tó dá wa lóhùn kéré gan-an, àbúrò mi pátápátá ni. Àmọ́ kò fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù rárá, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi wá: “Mọ́mì, ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn, kí ló sì ṣe sí i?” Lójú tèmi o, ìbéèrè yẹn nìkan tó owó tá a san. Nígbà tá a sọ ti flash àti BIOS, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní sìkírínì búlúù yẹn, BitLocker ni, àgádágodo tí Windows fi ń ti hard disk pa, ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọ Windows 11, ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ti ti hard disk pa láì sọ fún un, inú chip kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ máa ń wà. Ó ní, “Daddy, ẹ wò ó bíi gateman tó mọ ojú onílé. Ẹni tó pa Secure Boot yẹn, aṣọ eégún ló wọ̀ fún onílé, gateman wá ní òun ò mọ ẹni tó ń bọ̀.” Ó padà sínú BIOS, ó tan Secure Boot padà, sìkírínì búlúù lọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì! Ó ní kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ ṣá, nígbà míì àfi kéèyàn wọ àkáǹtì Microsoft ẹ̀ lórí fóònù lọ mú kóòdù 48 yẹn, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Ó wá ku ti pásíwọ́ọ̀dù. Ẹnjiníà ní kí ìyàwó mi tẹ̀ ẹ́, kó wá tẹ àwòrán ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀ ká lè rí ohun tó ń tẹ̀. Ibi tó yẹ kí @ wà, " ló wà ńbẹ̀! Kíbọ́ọ̀dù UK ni ti láptọ́ọ̀pù London, ẹ̀gbẹ́ Enter ni @ ẹ̀ wà, orí 2 ni " wà, ti US sì jẹ́ òdìkejì. Tó bá ti wọlé tán, UK ni Windows ń lò fún un, àmọ́ ibi ìwọlé lọ́tọ̀, US ni wọ́n ṣe síbẹ̀, kò sì hàn sí i rí torí PIN onínọ́ńbà ló ń tẹ̀ látọjọ́ yìí. Ẹnjiníà tẹ ENG tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó yí i sí UK, a wọlé. Ìyàwó mi kígbe débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú. Kò tiẹ̀ dúró síbẹ̀, ó wọ Region nínú Control Panel, ó ṣe é kí ibi ìwọlé náà máa lo UK, ó ní ká fi nọ́ńbà tuntun sórí àkáǹtì, ó tún ní ká lọ tẹ kóòdù 48 yẹn sórí bébà. Inú fáìlì ìwé ilẹ̀ wa ló wà báyìí.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ló gbà. Mo fi ẹgbẹ̀rún kan lé e.

Ẹ̀bi wọn ńkọ́? Wákàtí mẹ́ta la fi dúró kó tó kàn wá, jẹnẹrétọ̀ ń dún létí wa bíi pé wọ́n gbé e sórí wa. Wọn kì í fúnni ní rìsíìtì àfi téèyàn bá béèrè. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ọmọ iṣẹ́ wọn kọ pásíwọ́ọ̀dù ìyàwó mi sórí sẹ́lótéèpù funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù, gbàgede báyìí, níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá! Mo já a dànù lójú ẹsẹ̀, tá a sì délé a pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ fojú sí ìyẹn tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín.

Ẹ mú charger yín dání o, wọ́n á ní àwọn ò ní irú ẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ ta kan fún yín.