Bọ́ọ̀sì oníbátìrì: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Èmi tí mo ní ikọ́ fée, imú ni mo fi ń díwọ̀n ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì oníbátìrì tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ yìí kò ní sálẹ́ńsà, kò tú èéfín, kì í sì í bú ramúramù tó bá fẹ́ gbéra. Bí ẹ bá ní mo ti ń pọ́n ọn jù, ẹ lọ dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀sì dísẹ́lì ná. Láti 2012 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ ti kéde pé èéfín dísẹ́lì ń fa jẹjẹrẹ.

Kí ló wá gba ìràwọ̀ karùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀? Táyà ni. Bátìrì wúwo, táyà ń jẹ, eruku rẹ̀ sì ń wọ inú afẹ́fẹ́. (Bíréèkì ní tiẹ̀ kì í tètè jẹ, torí ẹ̀rọ oníná tó ń wa ọkọ̀ náà ló tún ń dín eré kù.)

Bọ́ọ̀sì kan láàárín ọ̀wọ́ ọkọ̀ dísẹ́lì kò lè tán ìṣòro. Ètò ìjọba ló ṣe é ní Shenzhen, ní Ṣáínà: gbogbo bọ́ọ̀sì wọn, tó lé ní 16,000, ti di oníbátìrì láti 2017. Títí tiwa yóò fi débẹ̀, fèrèsé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, títì ni mo máa ń tì í.