Thunderball tàbí Never Say Never Again: Èwo Ni Kí Ẹ Fowó Yín Rà?

Ìtàn kan náà ni fíìmù méjèèjì ń sọ. Àwọn ọ̀daràn jí bọ́ǹbù átọ́míìkì méjì, wọ́n ní kí ìjọba wá fi owó rà wọ́n padà, Sean Connery tó ṣe James Bond sì wá wọn lọ sí Bahamas. Thunderball jáde ní 1965, èkejì ní 1983. Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ rà máa ń rò pé èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn náà ti tó. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì ná mi lówó.

Nígbà tí Bàámi pé ẹni 70 ọdún, mo ra DVD Never Say Never Again fún wọn, torí ojú Connery tí mo rí lára páálí rẹ̀. Sinimá ni wọ́n ti ń wo Bond nígbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń retí òbìrìkítí funfun tó máa ń rìn kọjá, ọkùnrin tó máa yíjú yìnbọn, ẹ̀jẹ̀ tó máa ṣàn wálẹ̀, àti gìtá yẹn. Nọ́ńbà 007 tí wọ́n fi ń pe Bond ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n, obìnrin kan sì ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí Bond ṣe ń jà nínú igbó. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n bi mí pé, "Ìgbà wo ni orin yẹn máa wá?" Kò wá títí fíìmù fi parí.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló fà á. Ian Fleming, òǹkọ̀wé tó dá Bond sílẹ̀, fi Thunderball ṣe ìwé ní 1961 láìdárúkọ Kevin McClory àti Jack Whittingham, tí wọ́n jọ ro ìtàn náà fún fíìmù. McClory pè é lẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1963, ẹ̀tọ́ láti fi ìtàn náà ṣe fíìmù bọ́ sọ́wọ́ McClory. Òun pẹ̀lú Broccoli àti Saltzman, àwọn tó ń ṣe Bond ní iléeṣẹ́ Eon, jọ ṣe ti 1965. Ẹ̀tọ́ yẹn náà ni wọ́n lò fún ti 1983, ṣùgbọ́n Eon kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Eon ló ni gìtá àti òbìrìkítí funfun. Michel Legrand ni wọ́n fún ní iṣẹ́ orin. Ọ̀gá olórin ni, àmọ́ níbi tí Bond ti gun alùpùpù tí ara wa yẹ kó máa gbóná, orin rẹ̀ kò gbé wa dìde.

Ẹ wá gbọ́ ti Thunderball. Connery fúnra rẹ̀ ló yìnbọn nínú òbìrìkítí yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ló ń bá a ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, pósí kan tí wọ́n kọ JB sí lára. Opó ẹni tó kú jáde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Ìyẹn ló jẹ́ kí Bond fura, ó sì fi ìkúùkù pàdé "opó" náà lójú, torí ọkùnrin ni. Fèrè John Barry, ẹni tó ṣe orin fíìmù náà, bẹ́ lu ìjà náà, kí Tom Jones tó wá fohùn ya gbogbo rẹ̀.

Ìjà abẹ́ omi ti gùn jù nínú Thunderball, mi ò ní purọ́. Aláṣọ àwọ̀ ọsàn ń lé aláṣọ dúdú, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀, orin Barry nìkan ló gbé e ró. Wọ́n tún sáré yí àwòrán ìjà inú ọkọ̀ ojú omi ìparí jù, ó sì hàn. Klaus Maria Brandauer tó ṣe Largo, ọ̀daràn tí Bond ń bá jà, ní 1983 dáa ju Adolfo Celi ti 1965 lọ, ẹni tó jẹ́ pé ohùn ẹlòmíràn ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Barbara Carrera tó wà nínú ti 1983 náà gbóná gan-an.

Tí ẹ bá ń ra àpótí tí wọ́n kó àwọn fíìmù Bond jọ sí, ẹ mọ̀ pé ti 1983 kò sí nínú èyí tí wọ́n tà ní 2012 fún 50 ọdún Bond. Ọ̀tọ̀ lẹ máa rà á.

Ẹni tó ti ní àwọn tó kù, tó sì fẹ́ rí Bond tó ti ń dàgbà, kó ra Never Say Never Again, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ẹni tó jẹ́ pé ẹyọ kan lowó rẹ̀ ká, tàbí tó ń rà á fún àgbàlagbà, Thunderball ni. Èmi náà padà lọ rà á. Bí gìtá yẹn ṣe dún báyìí, Bàámi ní, "Bá mi yí ohùn ẹ̀ sókè."