Ẹ ṣọ́ra fún arákùnrin tó ń ta "aago bàbá àgbà" l'Abẹ́òkúta o

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra aago àtijọ́ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, ₦620,000 ló lọ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ torí ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ra aago tòkunbọ̀, èmi gan-an làwọn èèyàn máa ń gbé aago wá bá pé kí n bá àwọn wò ó, àmọ́ tí mo bá panu mọ́, ẹlòmíì ló kàn.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí mi ò mọ̀ bóyá orúkọ tó fún mi ni màmá ẹ̀ sọ ọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Orí státọ́ọ̀sì WhatsApp ni mo ti rí aago yẹn, Omega Constellation, aago ọwọ́ ilé iṣẹ́ Omega ti Switzerland, irú èyí tójú ẹ̀ ga láàárín tó wá dà gẹ̀rẹ̀ létí bí abọ́ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Láti 1952 ni Omega ti ń ṣe Constellation, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń ní àwòrán ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ mẹ́jọ lójú ọ̀run ibẹ̀, èyí náà sì ní i. Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, pé tíṣà ni bàbá àgbà òun, pé London ló ti rà á bọ̀ ní 1964, pé ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Aké, pé bàbá ti wá di olóògbé, àwọn ọmọ fẹ́ pín ogún, wọ́n ń wá owó kíákíá. Ó fi fọ́tò bàbá náà hàn mí, fọ́tò dúdú àti funfun, bàbá jókòó sórí àga, agbádá balẹ̀. Mo ní ah, bàbá dáa o.

₦850,000 ló pè é. Mo ná an títí, ó gbà ní ₦620,000. Constellation tó bá péye lókè òkun máa ń tó ẹgbẹ̀rún dọ́là kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, torí náà èmi náà ti ṣírò èrè sínú ara mi, mo ti ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ojúkòkòrò ni, mi ò ní parọ́ fún yín.

Pánṣẹ́kẹ́ la ti pàdé, nǹkan bí aago méje alẹ́, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi wò ó. Ó ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kí n wò ó nínú òkùnkùn, ọwọ́ aago yẹn tàn yòò bíi tàǹnátànná. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i, ti àtijọ́ gangan rèé." Mo ní kó jẹ́ ká ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, ló bá fò sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dán an wò o! Látìgbà tí bàbá ti rà á, ẹnì kan ò ṣí i rí, tẹ́ ẹ bá ṣí i báyìí iye ẹ̀ ti já nìyẹn." Mo sì mọ̀ pé irọ́ ni! Aago tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa rí oníṣẹ́ aago lọ́dún mélòó kan síra, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tún òróró inú ẹ̀ ṣe, èyí tí wọn ò bá ṣí fún ọgọ́ta ọdún, òróró inú ẹ̀ á ti gbẹ, kò lè máa rìn dáadáa bíi tọwọ́ mi yẹn. Mo mọ gbogbo ẹ̀, ẹnu mi ò kàn lè sọ ọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n fún mi ní nǹkan jẹ. Mo ṣe trànsífà.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń ṣe aago ní Kútọ̀, àgbà ni, ìdí tábìlì kékeré abẹ́ agboòrùn ló máa ń jókòó sí. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n há awò wọn sójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èló lo rà á?" Mo sọ fún wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n kàn ń ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́. Ojú aago kọ ọ́ síbẹ̀ pé Chronometer Officially Certified, tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò pé kì í parọ́ àkókò. Ẹ̀rọ Constellation ìgbà yẹn, júwẹ́ẹ̀lì 24 ló máa ń wà nínú ẹ̀ (àwọn òkúta pupa kéékèèké yẹn), wọ́n á sì fín in sára irin pé wọ́n ti tún un ṣe kó lè rìn déédéé ní ìdúró márùn-ún (bí wọ́n bá ṣe gbé aago sí) àti nínú ooru òun òtútù. Èyí tó wà nínú tèmi, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní 550 ni, júwẹ́ẹ̀lì 17, kò sí ọ̀rọ̀ ìdánwò kankan lára ẹ̀. Omega ni o, òótọ́ ni, àmọ́ inú Omega lásán ni wọ́n ti yọ ọ́. Bàbá wá dojú irin ẹ̀yìn ẹ̀ délẹ̀, nọ́ńbà 168.005 ló wà nínú ẹ̀. Lọ́dọ̀ Omega ìgbà yẹn, 168 ni Constellation tó ní déètì, 167 lèyí tí kò ní. Tèmi ò ní déètì lójú rárá! Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ti ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ ti ọ̀tọ̀, ojú wọ́n sì tún un kùn. Àfi bíi mọ́tò tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Nissan sínú Toyota tí wọ́n wá fi nọ́ńbà Peugeot sí i lẹ́yìn.

Ti kíkùn yẹn gan-an ló dùn mí jù torí ojú lásán ni ǹ bá fi rí i tó bá jẹ́ ọ̀sán. Bàbá fún mi ní awò wọn, wọ́n ní kí n wo lẹ́tà R. Yíǹkì ti fẹ̀ létí, lẹ́tà ò dúró déédéé, kan sanra kan pẹ́lẹ́ńgẹ́, bẹ́ẹ̀ kíkọ Omega máa ń mú ṣáṣá ni bí abẹ. Ojú aago mọ́ tónítóní bíi ti àná, ọwọ́ aago sì ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Báwo lọ̀kan ṣe máa gbó tí èkejì ò ní gbó nínú ilé kan náà?

Títàn tó ń tàn yòò tí inú mi ń dùn sí wá ńkọ́? Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú aago níbi nọ́ńbà 6, T wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Swiss Made lọ́tùn-ún lósì. T yẹn, tritium ni, nǹkan tí wọ́n ń fi sí aago kó lè tàn lóru nígbà yẹn. Agbára ẹ̀ máa ń dín sí ìdajì ní gbogbo ọdún méjìlá lé díẹ̀. Láti 1964 títí di ìsinsìnyí, kò lè ṣẹ́ ku ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgbọ̀n lọ, kò lè tàn débi tójú máa rí i bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní T tó tún ń tàn bíi tọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ti fi nǹkan tuntun kùn ún. Òkùnkùn tó ní kí n fi wò ó yẹn gan-an ló yẹ kó là mí lójú, èmi wá ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá ní tí àwọn bá fẹ́ ra á fún páátì inú ẹ̀ nìkan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà làwọn lè san.

Kẹ́ ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ rántí Speedmaster, aago Omega míì, tí wọ́n fi gbàǹjo tà ní Geneva ní 2021, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta owó Switzerland. Omega fúnra ẹ̀ ló rà á fún mùsíọ́ọ̀mù ẹ̀ o. Ó di 2023 kí wọ́n tó jáde sọ pé àkójọ páátì ni, pé àwọn tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí wà nídìí ẹ̀. Tí wọ́n bá lè fi Omega lu Omega fúnra ẹ̀ ní jìbìtì, ta lèmi?

Nísinsìnyí o, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ṣí aago, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ ní kó gbé e wá lọ́sàn-án sọ́dọ̀ oníṣẹ́ aago tẹ́yin mú, kì í ṣe tiẹ̀, torí àwọn kan ti bá oníṣẹ́ dì í. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ inú ẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ àtèyí tó wà nínú ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ lọ sùn lé e lórí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ti Rolex, àárín ẹsẹ̀ tí bẹ́líìtì há sí ni nọ́ńbà ẹ̀ máa ń wà láyé ìgbà yẹn, ẹ ní kí wọ́n yọ bẹ́líìtì. Tí wọ́n bá ní góòlù ni, 750 ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí káráàtì 18, ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù. Wọ́n fẹ́ ta "Rolex 1965" kan fún ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́sí, ọwọ́ sẹ́kọ́ǹdì ẹ̀ ń fò lọ́kọ̀ọ̀kan, tók, tók, bátìrì ni! Aago ọwọ́ tó kọ́kọ́ lo kúọ́ọ̀tì (irú ẹ̀rọ oníbátìrì yẹn), Seiko Astron, oṣù Kejìlá 1969 ló jáde ní Japan. Èmi ni mo bá ọ̀rẹ́ mi rí ìyẹn o, ẹ̀rín ni mo rín nígbà yẹn.

Mo pe arákùnrin yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, bóyá bàbá ló tún un ṣe kó tó kú." Ìgbà tí mo tún máa pè, ó ti búlọ́ọ̀kù mi.

Lánàá ni àbúrò mi fi fóònù tiẹ̀ hàn mí, ó tún ti gbé òmíràn síta, Omega náà ni, ojú dúdú lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá àgbà ò ṣe tíṣà mọ́ o, ó ti di òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́ńwá, ìdílé tún ń pín ogún. Fọ́tò yẹn náà ló tún fi sí i, agbádá kan náà, àga kan náà. Mo fà á tóbi báyìí, mo wá wo ọwọ́ bàbá yẹn dáadáa, ọ̀tún, òsì. Kò wọ aago kankan.